Sẹ́ Ẹ, Sè É, Kí Ẹ Tó Gbàdúrà Sí I

Ifọ̀,
Ilé Ìyá Ológì, lẹ́yìn ọjà.

Dọ̀káàsì, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọmọ náà yè. Mo ní kí wọ́n kọ ìyẹn síwájú kí n tó kí ẹnikẹ́ni, nítorí ó ti ń wù mí láti gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Ọmọ náà yè. O ní ó ti ń mu ọmú dáadáa, ó ń tọ̀ sí ọ lára bó ṣe yẹ kí ọmọ máa tọ̀, àwújẹ̀ rẹ̀ tó jìn wọlé bí ojú àwo ọbẹ̀ sì ti kún padà. Nígbà tí wọ́n ka ibẹ̀ sí mi létí, mo sọ ọmọrogùn sílẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo sì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Rábíù aládùúgbò wa fi yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní, "Nǹkan wà. Àkànní ń tọ̀." Ó ní, "Alihamudulilai." Èmi ní, "Halelúyà." Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe yin Ọlọ́run nítorí ìtọ̀ ọmọ ọwọ́.

Sámúẹ́lì télọ̀, tó ń ránṣọ ní ojúde wa, ló ń bá mi kọ èyí. Ó fẹ́ fi "Pẹ̀lú ìdùnnú ńlá ni mo fi mú kálàmù mi" bẹ̀rẹ̀. Mo ní kálàmù ta ni? Èmi kò mú kálàmù rí láyé mi, ọmọrogùn ni mo mú dàgbà. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, bí mo bá ṣe sọ ọ́. Nítorí náà, bí o bá rí ọ̀rọ̀ dídán kankan níbí, Sámúẹ́lì ló dọ́gbọ́n rán an mọ́ ọn.

Mo ti gbọ́ ohun tí o béèrè ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ. O ní ní Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ tó ń bọ̀, tí ẹ bá gbé Àkànní síwájú pẹpẹ, ìyá ọkọ rẹ ti ní òun fúnra òun ni yóò pọn omi àdúrà, òun ni yóò sì fi ife kan ọmọ lẹ́nu lójú gbogbo ìjọ, ní tútù, láìsè. O kò fẹ́ kí ọmọ mu ún. O kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wí káàkiri Mòwé pé ìyàwó Tíṣà, ọmọ ará Ifọ̀, kò ní ìgbàgbọ́. O ní, "Màámi, kí ni kí n ṣe?"

Èsì rẹ wà nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ wéré. Bí mo bá sọ ọ́ wéré, Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ni yóò wúlò fún, bẹ́ẹ̀ ìlú náà ni ìwọ yóò máa gbé, àwọn ọmọ mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn Àkànní bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ yín, nítorí ẹkún lo ń sun nígbà náà, o kò rí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí obìnrin ẹlẹ́ja tó ń ti Mòwé wá ná ọjà wa jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún mi, mo bo ògì mi lójú, mo wọ ọkọ̀, mo sọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù nínú àbàtà. Mo bá ìyá ọkọ rẹ tó tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ká ọwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń rọ ọ́ lómi. Ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ! Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí àna ni àna ń jẹ́. Mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú o, àna mi. Omi wo nìyẹn?"

Ó ní, "Omi àdúrà ni, Ìyá Dọ̀káàsì. Ọwọ́ Bàbá Ìjọ ló ti wá."

"Kó tó dé ọwọ́ Bàbá Ìjọ ńkọ́?"

"Inú ọ̀gọ̀dọ̀ wa ni."

"Ṣé ẹ sè é?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó se Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Kí n sè é kẹ̀? Iná á jẹ gbogbo àdúrà inú rẹ̀ tán! Ìyá, ṣé ẹ̀yin ará Ifọ̀ kò nígbàgbọ́ ni?"

Mo ní, "A ní in. Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

Àkísà ni ó so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tó tú u, mo rí sòbìà, ó ti yọ orí jáde, wọ́n ká a mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo ní, "Ta ló máa ń pọn omi àdúrà yìí?" Ó gbé àyà sókè. Ó ní, "Èmi ni. Ẹlòmíràn kì í pọn ọ́n. Mo máa ń wọ inú rẹ̀ dé orúnkún, níbi tí kò ti sí ewé. Ó máa ń tù mí lẹ́sẹ̀ gan-an, omi náà."

Àbẹ̀kẹ́, n kò bá a jà. Mo kàn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ọkọ rẹ níbi tó dúró sí, mo ní, "Tíṣà, kẹ̀kẹ́ yín dà?" Ó gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ìwọ gun ẹ̀yìn rẹ̀, o pọn ọmọ, ó gbé yín gba ọ̀nà Ìbafò lọ sọ́dọ̀ dírẹ́sà tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Èmi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé yín. Nígbà tí mo dé, dírẹ́sà ti lo oògùn fún un, ó sì gbé omi kaná lójú yín, ó jẹ́ kó tutù, ó fi ṣíbí ń bu ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí o má dá ọmú dúró. Ṣé o rántí ohun tó sọ fún mi nígbà tí mo bi í léèrè nípa sòbìà? Ó ní ẹni tí sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn náà yóò da àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi, àwọn kòkòrò wínníwínní tí ń bẹ nínú omi yóò gbé wọn mì, àwa náà yóò sì gbé kòkòrò mì. Ó ní kì í ṣe ayé, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹsẹ̀ ni.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ó ní in. Ẹsẹ̀ wa ni.

Wàyí o, ìmọ̀ràn mi. Bí mo bá fo ọ̀kan tí mo padà sí i, má dá mi lẹ́bi, ògì wà lórí iná.

Èkíní ni omi. Ọmọ ológì ni ọ́. Láti kékeré lo ti ń bá mi na aṣọ asẹ́ lórí ìkòkò. Kí là ń sẹ́ kúrò? Èérí lásán, tí kò lè pa adìẹ. Àwa tí a ń sẹ́ ògì nítorí èérí, a wá ń bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ mu pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, a ní ó mọ́ nítorí pé a rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi yòówù tí yóò wọ ẹnu Àkànní, sẹ́ ẹ, kí o sì sè é kó hó. Bó bá tutù, dé e. Kí ife tí a fi ń bu ú má ṣe jẹ́ ife tí a fi ń mu ún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iná ń ba omi Ọlọ́run jẹ́, sọ fún un pé Ẹni tó dá omi náà ló dá iná, kò sì dá wọn kí wọ́n máa bínú síra wọn.

Èkejì, ìgbẹ́. Sámúẹ́lì ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ 'ìgbọ̀nsẹ̀'. Ilé Tíṣà ni lẹ́tà yìí ń lọ." Mo ní, "Sámúẹ́lì, kí lo lọ ṣe nínú igbó láàárọ̀ kí o tó jókòó ti ẹ̀rọ?" Ó tún mú kálàmù. Mo ní, "Kọ ọ́." Ó ti kọ ọ́.

Ẹ̀yìn sọ́ọ̀ṣì yín, nídìí ọ̀pẹ wọ̀nyẹn, mo rí i pé ibẹ̀ ni tọkùnrin tobìnrin ń yà sí kí wọ́n tó wọlé kọrin. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà sí ìhà ọ̀gọ̀dọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ibo lo rò pé ó ń gbé e lọ? Nígbà tí mo wà ní kíláàsì ìrìbọmi, wọ́n kà á fún wa pé nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà nínú aginjù, Ọlọ́run ní kí olúkúlùkù mú igi dání lọ sẹ́yìn ibùdó, kó gbẹ́ ilẹ̀, kó sì bo ohun tó jáde lára rẹ̀, nítorí Òun máa ń rìn kiri láàárín wọn. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, Ọlọ́run yìí mọ bí ilé ṣe ń rí. Kò fẹ́ tẹ ìgbẹ́. Bí Òun kò bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí ló dé tí àwa fi ń mu ún?

Sọ fún ọkọ rẹ kó kó àwọn ọkùnrin ìjọ jọ, kí wọ́n gbẹ́ ṣálángá tó jìn, ní ìhà tí ilẹ̀ kò ti dà sí omi, kí wọ́n sì ṣe ìdérí sí i. Eṣinṣin tó bà sórí ìgbẹ́ kì í fọ ẹsẹ̀ kó tó bà sórí ẹ̀kọ. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ Olúwa kọ́ nìyẹn, kó ka ibi tí mo wí yìí sí wọn létí. Ó mọ ibi tó wà, tíṣà ni.

Ọwọ́ fífọ̀ ńkọ́? Ìyá Rábíù tí mo dárúkọ, kò lè kírun kó má gbé bùúta jáde, kó ṣan ọwọ́, kó yọ́ ẹnu, kó fọ ẹsẹ̀. Àwa, a ó ti oko dé, a ó gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, a ó fi ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ó ní "Olúwa yóò wò ó." Mo sọ èyí fún Ìyá Rábíù. Ó ní, "Ẹ wá ra bùúta, ẹ ò ní tìtorí ẹ̀ di Mùsùlùmí." Mo ti rà á. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo gbé e sí, pẹ̀lú ọṣẹ. Ìwọ náà wá tìrẹ gbé síbẹ̀.

Èyí tó kàn, ẹ̀fọn. O kò tíì délé ayé nígbà tí wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí wọ agbo ilé wa. Bí a bá ti gbúròó rẹ̀, kálukú a gbé àmù rẹ̀ pamọ́, nítorí bó bá rí tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, nínú rẹ̀, yóò dà á nù, ó sì lè fọ́ àmù pẹ̀lú. Ọjọ́ kan, ó ká mi mọ́ ilé. Èmi kò ríbi sá sí. Mo da ìdérí bo àmù mi, mo jókòó lé e, mo na ìró lé e yíká bí adìẹ tó sàba. Ó wọlé, ó ní, "Ìyàwó, ẹ dìde." Mo ní, "Ara mi kò yá." Ó ní, "Kí ló ṣe yín?" Mo ní, "Ibà ni." Ó ní, "Ẹ sì jókòó lé e lórí." N kò mọ̀ nígbà náà pé òótọ́ ló ń sọ, èmi rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Inú omi tí mo ń dáàbò bò ni ẹ̀fọn tó ń bá mi jà ti ń jáde. Nítorí náà, má sàba lórí tanwíji. Da omi àmù nù kí o sì fọ inú rẹ̀ kó tó pẹ́. Kó agolo àti igbá tó ń gba omi òjò lẹ́yìn ilé dànù. Kí ọmọ sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Wolé-wolé kì í ṣe ọ̀tá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pariwo jù.

Bupá ni ìkẹrin, tàbí ìkarùn-ún, Sámúẹ́lì ni kó kà á. Nígbà tí àwọn tó ń bupá kí ilẹ̀ẹ́gbóná má bàa mú ni wá sí abúlé wa, àwọn ará ilé ní wọ́n fẹ́ ya ọmọ èèyàn lápá kí wọ́n kó àrùn sí i. Gbogbo ọ̀dọ́ sá lọ sínú oko ilá. Èmi ló sáré jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò lè sáré nítorí oyún, wọ́n bupá fún un, ojú rẹ̀ sì dán títí ó fi kú lárúgbó. Ojú tèmi tí àpá ilẹ̀ẹ́gbóná kún yìí, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi sáré lọ mú un wá. N kò sunkún sí i, bàbá rẹ fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kéde pé abupá dé Mòwé tàbí Ìbafò, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ na apá ọmọ rẹ sí wọn, kí àwọn obìnrin yòókù rí i pé ìyàwó Tíṣà kò sá.

Àwọn kan yóò bi ọ́ pé, ẹni tó ní Jésù, kí ló ń fi ọṣẹ àti iná ṣe? Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu. Àwọn náà ń gbàdúrà ààbò lálaalẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dìde ti ìlẹ̀kùn. Ọlọ́run ń ṣọ́ ilé, àwa ń ti ìlẹ̀kùn. Kò bínú sí wa rí nítorí ìlẹ̀kùn. Ẹni tó fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu tó ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ, ó ń dán Ọlọ́run wò ni, a sì ti sọ fún wa kí a má dán an wò. Wọ́n tún sọ fún wa pé kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa bí ara wa. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà ìrìbọmi mi, ibi ọ̀gọ̀dọ̀ yín ni mo ti wá rí ojú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀ kò ní ti ẹsẹ̀ sòbìà bọ inú omi tí ọmọnìkejì náà ń mu.

Ó kù sí orí ìyá ọkọ rẹ.

Má ṣe bá a jà. Gbọ́ mi dáadáa. Obìnrin yẹn kì í ṣe ẹni burúkú. Pẹ̀lú sòbìà lẹ́sẹ̀, ó ń rìn lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ láti pọn omi fún ilé Ọlọ́run, nígbà tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá jókòó sílé. Bí o bá wí fún un lójú ìjọ pé omi rẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ọmọ rẹ̀, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n kò tún ní gbọ́ òótọ́ mìíràn lẹ́nu rẹ mọ́, yóò sì tún lọ pọn ọ́n. Ó tún wí pé iná ń jẹ àdúrà. Má bá a jiyàn. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lórí ìkúnlẹ̀, pé, "Màmá, bí a bá gbé e kaná kí àdúrà tó wọ inú rẹ̀, kí ni iná yóò rí jẹ?" Kí o dákẹ́. Má fi kún un. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí fín iná.

Báyìí ni kí ẹ ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ẹ jọ lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀. Gbé àpótí lọ fún un, kó jókòó sí etí omi, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìwọ àti àwọn ọmọbìnrin ìjọ ni kí ẹ pọn omi láti ẹ̀bá, kí ẹ gbé e wá bá a. Òun ni kó di aṣọ mú lẹ́nu àmù, kó máa sẹ́ ẹ. Kí o wí fún gbogbo wọn pé Ìyá Tíṣà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sẹ́ omi sọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kan aṣọ náà. Yóò dùn mọ́ ọn. Ọwọ́ tó di aṣọ asẹ́ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sí nínú omi. Kí ẹ wá gbé e délé, kí o sè é kó hó, kó tutù mọ́jú lábẹ́ ìdérí. Láàárọ̀ ni kí ẹ gbé e lọ bá Bàbá Ìjọ. Kó gbàdúrà sí i títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kí ìyá ọkọ rẹ gbé ife, kó sì fi kan Àkànní lẹ́nu lójú gbogbo ayé. Èmi náà yóò ṣe àmín láti ibí.

Sẹ́ ẹ, sè é, kí ẹ tó gbàdúrà sí i. Bó ṣe tò nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà.

Obìnrin ẹlẹ́ja yóò fi aṣọ asẹ́ mẹ́ta lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Aṣọ funfun tó ki ni, Sámúẹ́lì ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po méjì, ó sì rán etí wọn. Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan fún ilé ìyá ọkọ rẹ, ọ̀kan fún àmù sọ́ọ̀ṣì. Èyí tó jẹ́ ti sọ́ọ̀ṣì, Sámúẹ́lì béèrè bóyá kí òun fi òwú pupa ya àgbélébùú sí àárín rẹ̀. Mo ní kó yà á, kó sì tóbi, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ṣe gèlè, kí ìyá ọkọ rẹ sì mọ̀ pé nǹkan mímọ́ ni a fi lé òun lọ́wọ́. Kó máa fọ̀ ọ́, kó máa sá a sóòrùn.

Mo kí Tíṣà. Mo kí àna mi, kó má fa sòbìà náà já, kó jẹ́ kí dírẹ́sà wò ó. Fi ẹnu kan Àkànní lórí àwújẹ̀ fún mi, níbi tó kún padà yẹn, lẹ́yìn tí o bá ti fọ ẹnu.

Mo mọ ìyá ọkọ rẹ, yóò tún bi ọ́ ní ìbéèrè kan sí i. Yóò gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, yóò ní, "Ìyàwó mi, ṣé aṣọ yìí kò ní sẹ́ àdúrà kúrò nínú omi báyìí?" Kúnlẹ̀ kí o tó dá a lóhùn. Kí o ní ìyá rẹ tó ń ta ògì n'Ífọ̀ ní kí o sọ fún un pé àdúrà tí aṣọ bá lè sẹ́ dúró, kì í ṣe àdúrà mọ́, tanwíji ni.

Èmi ìyá rẹ,
Ológì.